Orin Tó Gbé Olegário Ṣubú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Zuleica Peçanha ṣe lókìkí tó, ẹ má lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àgbàlá Seu Olegário ní Olaria, àdúgbò tó ti dàgbà. Ẹ ó kàn fi àkókò yín ṣòfò ni. Ẹ béèrè ní São Paulo, wọ́n á ní kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá tó o nínú gbogbo àwọn tó ń fi gìtá ṣe orin jáàsì lóde òní. Ẹ béèrè ní Lisbon, àwọn kan á sọ fún yín pé àwọn ti tò sórí ìlà nínú òjò nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Olaria, wọ́n á wò yín tẹsẹ̀ torí, wọ́n á ní, "Leca ni? Ọmọ Peçanha tó ń tún bọ́ọ̀sì ṣe? Ó mọ gìtá díẹ̀."

Lẹ́yìn náà wọ́n á yíjú sí ẹ̀wà tó wà níwájú wọn.

Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Àwọn ló tọ́ ọ dàgbà. Seu Olegário, tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé, ló kọ́kọ́ gbé gìtá lé e lẹ́sẹ̀ nígbà tí gìtá náà ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, bàbá náà kò kọ́ ọ ní orin kankan. Ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń kọ́ ọ, àwọn ohùn tó nípọn, tó ń rìn lábẹ́ orin. Ó ní orí orin lè máa ṣe fújà bó bá wù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí Leca máa ṣọ́. Gìtá olókùn méje ni bàbá náà fúnra rẹ̀ ń ta, okùn keje yẹn sì máa ń dún títí dé inú àyà èèyàn.

Nígbà tí Zuleica di ọlọ́mọge, ó gbọ́ jáàsì láti inú rédíò awakọ̀ kan nínú gáréèjì bàbá rẹ̀, wèrè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lọ wá gìtá oníná. Bàbá rẹ̀ yẹ ẹ́ wò, ó ní irú gìtá wo rèé tí kò ní ihò nínú. Ó fi gìtá aláìníhò yìí ṣeré ní ilé ọtí tí àwọn èèyàn ti ń pariwo lé e lórí, ó ṣe é ní hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń jẹun lọ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ó tẹ̀ lé àwọn akọrin tí kò sẹ́ni tó rántí orúkọ wọn mọ́. Kò ráhùn. Ó ń gbọ́, ó ń kó o sínú. Nígbà tó fi máa dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ onígìtá kò mọ̀ títí wọ́n fi kú: ó mọ ìgbà tó yẹ kí ó dákẹ́. Á ta ohùn kan, á fi í sílẹ̀ kí ó máa lọ, gbogbo gbọ̀ngàn á sì máa retí rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọmọ tó lọ sódò. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, obìnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Bó sì ṣe ń ṣẹ̀dá orin yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wá orí orin ná, kí wọ́n tó wá ohun tí wọ́n máa fi gbé e dúró. Ní ti Zuleica, láti ìsàlẹ̀ ni orin ti máa ń wá bá a, níbi tó bá ti ń fọ abọ́ tàbí níbi tó ti di irin mú nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin nínú ìwé ìròyìn pè é ní ọgbọ́n tuntun. Ọgbọ́n Seu Olegário ni, tí wọn kò bá mọ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí lẹ́nu ìrìn-àjò, Zuleica máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Olaria lọ́jọ́ Sátidé. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n ń jókòó sí. Dona Hercília, ìyàwó Seu Olegário, á ti se ẹ̀wà dúdú pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, á ti fi bọ́tà yan gàrí, á sì ti gé ọsàn sí wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á to àga yíká, Dagmar onífèrè á mú fèrè rẹ̀, Tibúrcio onílù á gbé pandeiro, ìlù pẹlẹbẹ tó ní ṣaworo létí, choro, orin àtijọ́ ìlú wọn, á sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé. Ọkùnrin kan gbé orin tó kọ sínú ìwé wá síbẹ̀ nígbà kan, Seu Olegário gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì fi fẹ́ná ẹ̀wà. Etí ni wọ́n fi ń mú orin níbẹ̀.

Wọ́n sì ní àṣà kan, ìjàkadì ni ẹ bá máa pè é. Ẹni tó bá síwájú orin máa ń wá bí yóò ṣe gbé ẹni tó ń ta gìtá lẹ́yìn rẹ̀ ṣubú. Orin á máa lọ jẹ́jẹ́, á kàn ya bàrá lójijì sí ohùn tí ẹnikẹ́ni kò retí. Bí onígìtá kò bá tètè gbọ́, yóò kàn rí i pé òun nìkan ló ṣì ń rìn lójú títì, àwọn yòókù ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà náà ni gbogbo àgbàlá á pariwo, "Ó ti ṣubú!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kò sí ìbínú níbẹ̀, wọ́n sì gbà pé orin tí kò lè gbé ẹnì kankan ṣubú kò níyọ̀. Kò sẹ́ni tí kò tíì ṣubú rí nínú wọn. Seu Olegário nìkan ni kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tó ṣubú kẹ́yìn.

Ohun kan ṣoṣo wà tí Zuleica ń fẹ́ láyé yìí tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì lè sọ ọ́ jáde nítorí ojú ń tì í. Ó fẹ́ kí wọ́n máa ṣe orin òun nínú àgbàlá náà. Kì í ṣe kí òun bẹ̀ wọ́n o. Ó fẹ́ kí ẹnì kan kàn ṣí i lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣí orin àwọn tó ti kú, láìbéèrè ta ló ni ín. Ó ti gbé orin tó pọ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n á bá a ṣe é dópin, Tibúrcio á ní, "Ó dára," ó parí nìyẹn. Tó bá di Sátidé kejì, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. "Ó dára" yẹn máa ń dùn ún ju èébú lọ.

Ìgbà tó wà ní Lisbon ni orin kan wá bá a níbi tó ti ń fọ ife nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Bó ṣe gbọ́ ọ báyìí, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó mọ̀ pé ti Olaria ni. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní "Ìrìn-àjò Kejì," kò ta á létí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó gbé e bọ̀ wálé.

Oòrùn mú lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bíà sì tutù. Dagmar ti jẹ ẹ̀wà débi pé èémí fèrè kò sí lára rẹ̀.

"Leca, ṣí nǹkan kan fún wa," ló wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀yin ará jáàsì máa ń dijú ṣe o."

"Ẹni tó bá dijú nínú eléyìí, ògiri ló máa bá pàdé."

"Ẹ ò gbọ́!" Tibúrcio gbọn pandeiro mọ́ etí rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà lòun àti Zuleica jọ lọ ní kékeré, kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀. "Ó ti lọ gba ìgboyà bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ìgbéraga yẹn náà, ṣé wọ́n gba owó ẹrù lé e?"

Zuleica ṣí Ìrìn-àjò Kejì. Apá kìíní orin náà rọrùn, bí ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì. Àwọn èèyàn ń mi orí. Nínú apá kejì, orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó ń gùn ún, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó délé, tí etí gbogbo èèyàn ti ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ya bàrá. Àtàǹpàkò Seu Olegário ti wọlé lọ ní tirẹ̀. Orin kò sí nílé. Ohùn burúkú kan jáde lára gìtá olókùn méje náà, bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Tibúrcio ti la ẹnu, ó rí ojú Dona Hercília lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó yára fi bíà dí i.

"Tún un ṣe," ni Seu Olegário wí.

Wọ́n tún un ṣe. Bàbá náà tún ṣubú, ní ibi kan náà gan-an. Ó bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun lómi, ó mu ún, ó ní ó tó. Dagmar rántí lójijì pé òun lè fọn fèrè, ó ṣí orin àtijọ́ kan tí gbogbo wọn mọ̀, wọ́n sì ṣe irú ìyẹn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Zuleica kò lè jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé e padà. Ó ń rí oríkèé ìka bàbá náà tó ti wú bí ata ilẹ̀. Ó ń rí ojú Dona Hercília. Ó ní òun lọ kó gbogbo ohun tí ayé kọ́ òun jọ, òun wá fi gbé arúgbó ṣánlẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, lójú ìyàwó rẹ̀. Ìtìjú bò ó. Ó fẹ́ràn bàbá náà ju bó ṣe fẹ́ràn orin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ rí.

Bó ṣe di pé ó tún orin náà ṣe nìyẹn. Ó yọ ibi tó ti ń ya bàrá kúrò, ó jẹ́ kó gun òkè kó sì rọra wọlé bí ewúrẹ́ tó ń ti oko bọ̀. Ẹni tí àwọn ilé iṣẹ́ àwo orin ti bẹ̀ títí pé kí ó dín orin rẹ̀ kù kó lè tà, tó ní òun kò ní í yọ ohùn kan ṣoṣo, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé ibi tó dára jù.

Ní Sátidé kejì, Seu Olegário ti wà lórí àga rẹ̀ kí ẹ̀wà tó jinná. Ó ti fá irùngbọ̀n. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló wọ̀. Zuleica ń yẹra, ó ń ṣí orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, títí bàbá náà fi béèrè fúnra rẹ̀.

"Èyí tó o mú wá lọ́jọ́sí dà?"

Kò rí ọgbọ́n dá sí i, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí orin náà ń gun òkè, Seu Olegário tẹ̀ síwájú lórí àga, ó gbé etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí olè fo ògiri. Orin náà kàn wọlé tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá náà tẹ̀ lé e dópin, kò ṣi ohùn kan ta. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá! Ẹ ti mú un!" ni Dagmar ń pariwo.

Seu Olegário wo Zuleica fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé gìtá rẹ̀ sínú àpótí, ó dé e, ó sì wọlé lọ.

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," Dagmar wí.

Kò rẹ̀ ẹ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò jáde. Wọ́n ń ṣe orin lábẹ́ máńgòrò rẹ̀, òun wà nínú yàrá, ó yí rédíò sókè, ó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin tí kò mọ iye èèyàn tó ń gbá bọ́ọ̀lù láyé rẹ̀! Sátidé mìíràn tún dé, bọ́ọ̀lù náà ni. Orin láìsí okùn keje rẹ̀ kàn ń léfòó lójú afẹ́fẹ́ ni, wọ́n sì tètè ń tú ká.

"Kí lo ṣe fún Bàbá yìí gan-an?" Tibúrcio bi Zuleica níbi tí wọ́n ti ń kó àga.

"Ṣé o ò sí níbẹ̀ ni? Mo gbé e ṣubú."

"Ó wá yẹ kó o lọ bẹ̀ ẹ́. Ká ní èmi ló gbé e ṣubú ni, mi ò ní í dúró de Sátidé kejì, ìlú Niterói lódìkejì omi ni ẹ máa ti gbúròó mi."

"Ṣé ìwọ lè gbé ẹnì kankan ṣubú?"

"Mo ti gbé ìyàwó mi. Ó wúwo."

Zuleica rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ó ku díẹ̀ kó lọ ṣeré yíká ilẹ̀ Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ̀rù sì ń bà á pé bàbá tó kọ́ òun ní gìtá lè má bá òun ta á mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó yan àkàrà òyìnbó àgbàdo, irú èyí tí bàbá náà fẹ́ràn, ó sì lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kì í ṣe Sátidé.

"Wọlé o jàre," ni Dona Hercília wí lẹ́nu ọ̀nà. "Bóyá ìwọ lè gbà mí. Ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù dí mi létí pa."

Seu Olegário ń bomi rin ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé. Kò gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Kò yẹ kí n gbé orin yẹn wá síwájú yín."

"Orin wo?"

"Èyí tí ẹ... èyí tó..."

"Èyí tí mo ṣubú. Ṣé ẹnu rẹ kò gbà á ni? Mo ṣubú. Mo ṣubú, mo dìde, mo tún ṣubú. Ta ló ní kó o bẹ̀ mí nítorí ìyẹn?"

"Bàbá, mo rò pé..."

"Dákẹ́ ná, ìwọ ọmọ yìí." Ó gbé agolo omi sílẹ̀. "Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, Honorato onígbàjámọ̀ máa ń gbé mi ṣubú nínú àgbàlá yìí bí ẹni gbé ọmọdé. N ó lọ sílé, mi ò ní í lè sùn. Bí mo bá ń gbé lẹ́tà lọ, ẹnu mi á máa ta orin náà, àwọn ajá á máa gbó mi. Ọjọ́ tí mo bá wá mú un, kò sí ọba tó láyọ̀ tó mi. Honorato kú. Àwọn yòókù náà ń kú lọ. Àwọn tó ṣẹ́kù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ tutọ́. "Orin tí wọ́n bá mọ̀ pé kò lè gbé mi ṣubú nìkan ni wọ́n ń ṣe lójú mi. Oorun ni mo ń sùn nínú orin láti ìgbà yẹn, Leca. Mo lè fi ọwọ́ kan ta á, kí n fi ìkejì jẹ ẹ̀wà. Ìwọ wá dé lọ́jọ́ yẹn, o gbé mi, o fi mí nalẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ Hercília bóyá mo jẹun lálẹ́."

"Kò jẹun," Dona Hercília dáhùn láti ojú fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó pè é. "Orí ibùsùn ló jókòó sí tó ń rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ kí n pe dókítà."

"Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi wá ibi tí orin yẹn gbà. Mo fárùngbọ̀n! Mo ní kó máa bọ̀, mo ti múra sílẹ̀. Kí lo wá ṣe? O lọ tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún mi. O rọ mí lẹ́kọ bí ọmọ ọwọ́, Leca, lójú Tibúrcio!"

Zuleica ti gba ìyìn ní ìlú tí kò mọ orúkọ òpópónà kan níbẹ̀, kò sì sí èyí tó dà bí ìbínú ọkùnrin yìí nínú gbogbo wọn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí, ó sì mọ ohun tó ń bẹ̀ fún lọ́tẹ̀ yìí.

"Àkàrà òyìnbó àgbàdo nìyẹn?"

"Òun ni, Bàbá."

"Gbé e kalẹ̀. Kó o sì mú ojúlówó orin náà wá ní Sátidé. Bó o bá yọ ohùn kan nínú rẹ̀, n ó mọ̀, n ó sì lé ọ jáde níbí."

Nígbà tó di Sátidé, ó mú un wá bó ṣe wà. Seu Olegário jókòó, ó na ìka rẹ̀, ó mi orí pé kí wọ́n máa lọ. Orin náà lọ ra búrẹ́dì, ó gun òkè, ó kù díẹ̀ kó délé, ó ya bàrá. Ohùn burúkú náà tún jáde. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀.

"Tibúrcio," ni Seu Olegário wí.

"Bàbá."

"Ṣé ahọ́n rẹ ti gé ni? Bí èèyàn bá ṣubú nínú ilé yìí, kí la máa ń ṣe?"

Tibúrcio wo Dona Hercília. Dona Hercília fi síbí ọwọ́ rẹ̀ ṣe àmì pé ó yá. Ọkùnrin náà dìde dúró, ó fi gbogbo àyà rẹ̀ kígbe, "Ó ti ṣubú!" Igbe tí gbogbo wọn ti gbé mì láti ọdún gbọọrọ wá bú jáde, àwọn aládùúgbò yọjú lórí ògiri, Dagmar ń lu itan, Seu Olegário fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, kí orin náà tó ya bàrá, bàbá náà ti kígbe, "Mo rí ọ! Mo rí ọ!" ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ pẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó wò ó.

"Etí ti dé," ló wí. "Ọwọ́ yìí ló ń ṣe ọ̀lẹ." Ó yíjú sí Zuleica. "Kí lo ní o pè é?"

"Ìrìn-àjò Kejì."

"Kí nìyẹn? Ṣé orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni? Ìṣubú Olegário lorúkọ rẹ̀. Ẹ ṣe é kí n gbọ́."

Zuleica lọ sí Yúróòpù. Àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ kọ ohun tí wọ́n máa ń kọ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní gbọ̀ngàn ńláńlá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí kò tíì ṣeré tó dáa tó ìyẹn rí. Ó dà bíi pé ẹnì kan ti tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe orin ọ̀hún níbì kankan. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ nílé bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì fẹ́ fi tẹlifóònù béèrè.

Ọjọ́ Sátidé ni bàálù rẹ̀ balẹ̀. Láti pápákọ̀ òfurufú, Olaria ló gbà lọ tààrà, tòun ti ẹrù, tòun ti gìtá. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ ọ. Fèrè Dagmar ló síwájú. Orin náà ń lọ ra búrẹ́dì. Zuleica dúró lójú títì. Wọn kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Fún ara wọn ni wọ́n ń ṣe é.

Ó rọra wọlé. Èrò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì bá àlejò kan tí kò rí rí, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, tó jókòó lórí páálí bíà lẹ́yìn àwọn yòókù pẹ̀lú gìtá lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà rí gìtá ọwọ́ rẹ̀, ó sún fún un.

"Ẹ káàsán, Àǹtí. Ẹ bọ́ síbí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ lé eléyìí, ẹ ṣọ́ra o. Ibì kan ń bọ̀ tó ń gbé èèyàn ṣubú."

"Ta ló ni orin náà?" Zuleica béèrè.

"Ta ló mọ̀? Orin àtijọ́ ni. Àwọn tó ṣe é á ti kú tipẹ́. Ìṣubú Olegário ni wọ́n ń pè é, orúkọ bàbá yẹn ni."

Tibúrcio ti rí i láti òdìkejì. Ó la ẹnu láti pariwo orúkọ rẹ̀, Zuleica mi orí fún un kíákíá, ọkùnrin náà sì pa ẹnu dé. Ayọ̀ ńlá gba gbogbo ara rẹ̀. Ó jókòó, ó yọ gìtá, ó bọ́ sínú orin náà pẹ̀lú wọn.

Wọ́n gun òkè. Ọwọ́ Seu Olegário nìkan ló ń wò. Bí orin náà ṣe fẹ́ ya bàrá, bàbá náà kò gba ọ̀nà tí Zuleica là sílẹ̀ rárá. Okùn keje ló fi sọ̀ kalẹ̀, ó gba ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí kò ti pọn dandan kí ìka tó ti le máa sáré, ó sì yọ lódìkejì gẹ́ẹ́ bí orin náà ṣe ń débẹ̀. Ọ̀nà náà dára ju èyí tí Zuleica là lọ. Ẹnu ya Zuleica débi pé ó gbàgbé ọwọ́ ara rẹ̀, ohùn burúkú kan sì ti ara gìtá rẹ̀ jáde, gbogbo ayé gbọ́ ọ.

"Ó ti ṣubú!" ni àgbàlá náà bú sí i. Seu Olegário yíjú padà láti wo ẹni tó ṣubú.

"Ṣé ẹ rí i, Àǹtí?" ni àlejò náà wí. "Mo kúkú sọ fún yín."